Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ò ní ká má rìn

Bí dókítà bá ti lè sọ pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, iṣẹ́ ni ará ilé máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Wọ́n á gba ìgbálẹ̀, wọ́n á gba korobá omi, wọ́n á ní kó lọ dùbúlẹ̀. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tèmi. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn bíi tèmi sọ nìyí: ìdùbúlẹ̀ kì í mú àárẹ̀ oògùn yìí kúrò lára. Ìrìn rírìn ló ń dín in kù, bó bá ti jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ̀jẹ̀ yín gbà lọ́jọ́ náà.

Èyí tó ń ṣe mí ni wọ́n ń pè ní CML, ẹ̀yà kan nínú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kromosómù 9 àti 22, ìyẹn àwọn okùn tíńtín tó ń gbé àbùdá wa, ló já nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tí apá kan nínú èyí lọ lẹ̀ mọ́ ìyẹn, tí ara wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe sẹ́ẹ̀lì funfun jáde láìdáwọ́ dúró. Imatinib, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Glivec, ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti ń lọ gba tèmi láti Adó-Èkìtì. 400 mg lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú ife omi ńlá. Ó ti sọ àìsàn tó máa ń pa èèyàn láàárín ọdún díẹ̀ di èyí téèyàn lè máa bá yí títí di ọjọ́ ogbó. Bọ́rọ̀ bá sì ti rí báyẹn, ara tí a máa gbé dé ọjọ́ ogbó gbọ́dọ̀ lágbára.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ bi dókítà yín léèrè nípa spleen. Ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì, àìsàn yìí sì máa ń mú kó wú. Nígbà tí tèmi wú, n kì í lè jẹun yó, torí ó ti gba àyè lọ́wọ́ ikùn. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ síbi àyẹ̀wò, dókítà á ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n mí sínú dáadáa, á wá máa fi ìka tẹ ikùn mi díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí yóò fi kan etí rẹ̀. Spleen tó wú lè bẹ́ bí nǹkan bá gbá a tàbí tí èèyàn bá fipá gbé ẹrù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n má gba bọ́ọ̀lù, kí n má gbé ẹrù tó wúwo, kí n má sì gúnyán.

Ọmọ Èkìtì ni mí o! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ wo obìnrin tó ń gúnyán: ó ń gbé ọmọ odó sókè, ikùn rẹ̀ ń le, ó sé èémí, ó wá jù ú wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí iyán á fi kúnná. Gbogbo agbára yẹn, ikùn ló ń gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá mi gún un ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn tí oògùn ti ṣiṣẹ́, tí spleen ti lọ sílẹ̀ tí dókítà ò kàn án lábẹ́ ìka mọ́, ni wọ́n fún mi láyè láti padà sídìí odó, díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró de irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí iyán tó yẹ kó yọrí sí iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Imatinib lè fa PCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀, ó sì lè dín platelets, àwọn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kù. Ẹ máa gba ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò yín, kí ẹ sì máa kà á fúnra yín. Bí PCV bá ti lọ sílẹ̀, òkè tí ẹ ń gùn tẹ́lẹ̀ lè mú kí àyà yín máa lù kìkì. Ẹ dín ìrìn kù nígbà yẹn, kì í ṣe kí ẹ jáwọ́. Bí platelets bá kéré, ẹ yẹra fún ohun tó lè bì yín ṣubú.

Adó yìí kò tẹ́jú, bí ẹ bá ti jáde nílé, ẹ ti ń gùnkè tàbí ẹ ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú díẹ̀ ní Basírì, mo ń rìn ín lọ rìn ín bọ̀ ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Ìkíni ni mo fi ń mọ ìwọ̀n. Láàárọ̀, gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé ló máa kí yín, tí yóò bèèrè ilé, tí yóò bèèrè ọmọ. Bí mo bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀ tán láìdúró mí, ìrìn náà ṣe déédéé. Bó bá jẹ́ “ẹ kú” nìkan ni mo lè sọ, mo ti sáré jù. Bó bá sì jẹ́ pé mo lè dá orin sílẹ̀ kí n gbè é fúnra mi, mo fi kún ẹsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn bà yín lẹ́rù. Mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, ó ń wọlé sí i náà ni.

Fún apá àti itan, ike omi méjì tí ẹ lè máa gbé sókè sódò àti àga ìdáná tó dúró dáadáa ti tó. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfọwọ́ di nǹkan mú, ẹ tún jókòó. Bí ẹ bá ń dìde, ẹ mí síta. Ẹ má sé èémí.

Pajápajá wá ńkọ́? Oògùn yìí máa ń fà á, pàápàá lóru, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun á le bí igi. Kí n tó sùn, mo máa ń dojú kọ ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í, mo na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, mo sì ní sùúrù títí iṣan á fi rọ̀, kí n tó ṣe ìkejì. Omi mímu náà ṣe pàtàkì. Ẹ má kàn ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìbi dókítà, torí àwọn kan nínú wọn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Àgbo tí wọ́n á ní ó ń fúnni lókun náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí imatinib, àgbo sì lè ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ó tún lè mú kí àwọ̀ èèyàn pọ́n, kí ìpéǹpéjú sì wú. Àwọn kan tó rí mi lójú ọ̀nà rò pé mo ń bóra. Ó dùn mí, àmọ́ mo dé fìlà, mo wọ ẹ̀wù alápá gígùn, mo sì ń rìn mi lọ.

Bí ara bá gbóná, tí òòyì ń kọ́ yín, tí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí àyà ń dùn yín, kò sí ìrìn lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá jẹ́ ìrora òjijì lábẹ́ ìhà òsì, tó ń ta dé èjìká òsì, ó lè jẹ́ spleen ló bẹ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ sí Ifẹ̀, n kì í ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìsinmi. Ìjókòó inú mọ́tò pẹ́, ẹsẹ̀ sì máa ń wú. Kí a tó gbéra ni mo ti máa ń bẹ awakọ̀ pé kó bá wa dúró díẹ̀ ní Ìtawúrẹ́, kí n sọ̀kalẹ̀ kí n rìn yí ọkọ̀ ká. Èyí tí ò bá gbà, mo máa ń gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó títí a ó fi kọjá Iléṣà.