Mo ń kàwé fún màámi

Aago méje àárọ̀ lèmi àti màámi ti dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò lónìí, nọ́ńbà wa sì jìnnà, mo bá gbé fóònù mo ń ka ìtàn Joseph Pulitzer, oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ni wọ́n bá ní kí n kà á sókè torí lẹ́tà wẹ́wẹ́ ò ṣeé rí fún wọn mọ́.

Ọmọ Hungary ni, wọ́n bí i ní Makó ní 1847. Ó fẹ́ ṣe sójà nílé, wọ́n ní ojú ẹ̀ ò dáa. Amẹ́ríkà ń wá sójà lójú méjèèjì nígbà yẹn torí ogun abẹ́lé, bó ṣe wọkọ̀ ojú omi lọ ní 1864 nìyẹn. Ogun parí, ó gba St. Louis lọ, ó tọ́jú ìbaaka, ó gbé oúnjẹ fún èèyàn, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí àyè bá ti yọ báyìí láíbìrì ló ń sá lọ, pẹ̀lú ojú yẹn náà! Ní 1868 ló di akọ̀ròyìn ní Westliche Post, ìwé ìròyìn èdè Jámánì. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin Missouri, ọmọ ọdún 22, òfin sì ní kó pé 24. Màámi ní, "Wọn ò béèrè ọjọ́ orí ẹ̀ ni?"

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni 1885. Ó ti ra ìwé ìròyìn World ní New York nígbà náà. Faransé ti ṣe ère Òmìnira (Statue of Liberty) tán, Amẹ́ríkà ò rówó mọ ìpìlẹ̀ tó máa dúró lé, Pulitzer wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí gbogbo èèyàn mú ohun tágbára wọn ká wá, pé òun á tẹ orúkọ ẹni tó bá dáwó, ì báà jẹ́ sẹ́ńtì mélòó kan. Àwọn ọmọdé dá, àwọn òṣìṣẹ́ dá, èèyàn tó lé ní 120,000, owó ẹlòmíì ò tó dọ́là kan, ó sì lé ní 100,000 dọ́là láàárín oṣù márùn-ún! Ẹni tí ò sẹ́ni tó kà á kún rí, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn.

Ọdún yẹn náà ló wọ Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì, àmọ́ ní April 1886 ó ti kọ̀wé fi í sílẹ̀, ó padà sídìí ìwé ìròyìn. Lójú tèmi ó mọ ibi tí agbára òun wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tó yá, òun àti Hearst, oníwèé ìròyìn tó ń bá a díje, sọ ọ̀rọ̀ ogun Kúbà di ọjà, ìyẹn ò dáa rárá.

Nígbà tó fi máa di 1890 ojú ẹ̀ ti lọ. Àwọn tó gbà síṣẹ́ ló ń ka ìwé ìròyìn fún un, ó sì ń darí World bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú ní 1911.

Màámi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà fún un?" Mo ní gbogbo ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní kí n padà síbi orúkọ àwọn tó dáwó, kí n tún un kà.