Sọ́ọ̀sì bàbékíù ti ń ki lórí iná

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kábbà la wà, adìẹ ń bẹ lórí ẹyin iná, sọ́ọ̀sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ rin àlùbọ́sà 1 àti ọmọ aáyù 3, ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun 2 dín in kó rọ̀. Ẹ da tòmátò alágolo, gíráàmù 140, sí i, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá sáré da omi sí i níbí, kíkan tòmátò yẹn kò ní lọ mọ́. Ó kan omi kọ́ọ̀bù 1, fínígà ṣíbí 4, ṣúgà 3, oyin 2, ata gígún àti iyọ̀ díẹ̀. Iná jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 20.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù o! Fínígà á jẹ ẹ́ lára, sọ́ọ̀sì á wá máa ta irin-irin lẹ́nu. Tánganran ni kí ẹ lò.

Ẹ fa ṣíbí gba ìsàlẹ̀ ìkòkò: bí ojú ọ̀nà rẹ̀ kò bá tètè padé, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, torí yóò tún ki bó bá tutù.

Ẹ má tètè fi kun adìẹ. Ṣúgà á jó, ìta á dúdú, inú á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá ku ìṣẹ́jú 10 kó jinná ni kí ẹ tó kùn ún.