Tèmi ni mò ń wò, aládùúgbò mi wá ń kọ́?

Ìgbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ìbò gómìnà Èkó ti oṣù kẹta ọdún 2023 bá ti jáde láàárín àwa ọ̀rẹ́, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún mi, pé tèmi ni mò ń wò o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yé mi. Oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà rélùweè Blue Line lábẹ́ ìjọba Gómìnà Sanwo-Olu tó tún fẹ́ wọlé, láti Marina dé Mile 2, ẹni tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọ̀nà Badagry ti fojú ẹ̀ rí màbo á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ dìbò. Ẹlòmíì, ṣọ́ọ̀bù tó ní lọ́jà ló ń rò, ẹlòmíì, ọmọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mi ò bú wọn, kéèyàn lè wá ire ara ẹ̀ náà wà lára ohun tí ìbò wà fún.

Ohun tó ń dùn mí wọnú eegun ni ohun tá a gbà kí wọ́n ṣe fáwọn Igbo tá a jọ ń gbé, torí pé a fẹ́ kí tiwa wọlé. Ṣé ẹ rántí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ẹ̀ ni Peter Obi borí Tinubu l'Ékòó nínú ìbò ààrẹ, 582,454 sí 572,606, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tiẹ̀ pé 10,000. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú la ń sọ mọ́, ó ti di pé àwọn wọ̀nyí fẹ́ gba Èkó lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá onímọ́tò kan jáde nínú fídíò pé ẹni tí kò bá ní dìbò fún wọn kó jókòó sílé ẹ̀, agbẹnusọ ọlọ́pàá ní ká gbà á bí àwàdà. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n na àwọn èèyàn, wọ́n lé àwọn kan kúrò lórí ìlà torí pé ojú wọn jọ ti Igbo, kódà ó kan àwọn Yorùbá kan. Gbadebo Rhodes-Vivour, tó ń bá Sanwo-Olu du ipò gómìnà lórúkọ ẹgbẹ́ Labour, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkó, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Èkó, torí pé Igbo ni ìyá ẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé ilé bàbá la fi ń mọ ọmọ!

Obìnrin Igbo kan wà nílé tó tẹ̀ lé tiwa, ẹja inú fìríìsà ló ń tà, ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò àkọ́kọ́ láyé ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó bi mí láti ojú fèrèsé pé "Mummy Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká jáde àbí ká má jáde?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọn ò jáde.

Wọ́n á ní àlejò ni wọ́n, kí wọ́n lọ dìbò nílé wọn. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀, ibi téèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ ló ti ń dìbò. Àti pé ṣé àlejò làwọn Ẹ̀gùn náà ni? Àwọn ló ni Badagry. Síbẹ̀, Otodo Gbame tí wọ́n ń gbé létí omi lẹ́bàá Lẹ́kí, wọ́n lé bí 30,000 èèyàn kúrò níbẹ̀ láàárín 2016 sí 2017, ilé jóná, katapílà wó èyí tó kù. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó ti sọ ní January 2017 pé irú lílé bẹ́ẹ̀, láìfún wọn níbòmíì, ìwà ìkà ni, ní April wọ́n tún padà wá lé àwọn tó kù. A ò sọ nǹkan kan nígbà yẹn náà, torí pé orí omi kọ́ là ń gbé. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Èmi tiẹ̀ gbà pé torí tara ẹni gan-an lèèyàn ò ṣe gbọdọ̀ gbà á. Ó lé ní mílíọ̀nù 7 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó, 762,134 ni ìbò ẹni tó wọlé, ẹni tó tẹ̀ lé e ní 312,329. Mi ò ní gbogbo àwọn tó kù nìbẹ̀rù mú sílé o, àìrówó náírà ìgbà yẹn àti àárẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ olóṣèlú tó bá ti mọ̀ pé ìbò ṣeé jẹ tí ẹ̀rù bá ti ba àwọn kan, kí ló fẹ́ máa bẹ ìwọ tó jáde fún, kí ló fẹ́ tìtorí ẹ ṣe ọ̀nà?

Táwọn olóṣèlú bá wá sí mítíǹgì lánlọ́ọ̀dù àtayálégbé wa fún ìbò 2027, màá béèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà wa, màá sì béèrè lójú gbogbo ilé pé táwọn ọmọ ẹ̀yìn yín bá lé ẹnì kan kúrò lórí ìlà, ṣé ẹ máa jáde lórí rédíò lọ́jọ́ yẹn gan-an láti bá wọn wí, àbí ẹ máa ní àwàdà ni? Ẹni tí kò bá rí èsì fún mi kò ní rí ìbò mi, kódà kó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣèlérí gọ́tà.