Ẹ Bèèrè Ohun tí Ẹranko Nílò Láti Mọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko l'Ákọkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹranko kan gbọ́n tàbí ó gọ̀. Ẹ bèèrè ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè rí jẹ, kí òun náà má sì di ìjẹ.

Ẹ dé ọjà Oyìngbò, ẹ bẹ ìyá ẹlẹ́ja kan kó jẹ́ kí ẹ wo àrọ̀ dáadáa. Pẹ̀lú bí orí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó yẹn, ojú rẹ̀ kéré. Ẹ wá ka irùngbọ̀n rẹ̀: mẹ́jọ ni. Ohun tí ahọ́n wa fi ń tọ́ oúnjẹ wò wà lára irùngbọ̀n yẹn, ó tún wà káàkiri awọ rẹ̀. Àwọn ihò tín-ín-tín mìíràn wà lára rẹ̀ tí ń gba iná mànàmáná díẹ̀ tí ara àwọn ẹ̀dá inú omi ń tú jáde. Òru, nínú omi tó rú, ni àrọ̀ máa ń wá oúnjẹ. Kí ló fẹ́ fi ojú ńlá ṣe níbẹ̀?

Ọpọlọ máa ń jẹ agbára púpọ̀. Tiwa kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ ó ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò. Ojú àti apá ọpọlọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà ń jẹ nínú agbára yìí. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí ẹja kan tó ń gbé inú ihò àpáta ní Mẹ́síkò, Astyanax mexicanus, fi pàdánù ojú láti ìran dé ìran, nígbà tí àwọn ìbátan rẹ̀ nínú odò ìta ṣì ń ríran.

Èyí tó wù mí jù ni ti àkèré. Lọ́dún 1959, Jerome Lettvin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà fi hàn pé iṣan kan wà tó ń gbé ìròyìn láti ojú àkèré lọ sí ọpọlọ, tó máa ń dáhùn gan-an bí nǹkan dúdú kékeré bá ń rìn kọjá, àmọ́ tí gbogbo àyíká bá jọ yí pọ̀, kò ní dáhùn. Ojú ti ṣa ìròyìn kó tó dé ọpọlọ! Ẹ lè dán irú rẹ̀ wò fúnra yín. Bí òjò bá dá, tí èsúnsún ń já bọ́ lábẹ́ gílóòbù, ẹ gbé òkú ọ̀kan síwájú ọ̀pọ̀lọ́: á kàn jókòó ni. Ẹ fi òwú fà á díẹ̀díẹ̀. Á yí orí, á tẹ̀ síwájú, ahọ́n á ti jáde.

Nítorí náà, nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ má kọ “kò rí i”. Ẹ kọ “kò dáhùn sí i”, nítorí ìyẹn nìkan lẹ rí.

Ẹni tó bá ń wá àkòrí iṣẹ́ ìwádìí, ọ̀sà wà lẹ́yìn yunifásítì. Àwọn ẹja kéékèèké tí ń fò lórí ẹrẹ̀ níbẹ̀, òkè orí pátápátá ni ojú wọn wà. Kí ni wọ́n ń ṣọ́?