Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, wọn ò lè yísẹ̀ mọ́

Ìgò kékeré kan ni mo jókòó tì lálẹ́ àná. Lysozyme, pírótéènì inú funfun ẹyin, ni mo pò mọ́ omi àti iyọ̀ nínú rẹ̀. Omi náà mọ́ gaara, ìwé tí mo fi sẹ́yìn ìgò ṣeé kà. Mo rì í sínú omi tútù. Kí n tó kà dé ogún, ó ti funfun bíi wàrà. Mo dojú ìgò bolẹ̀, kò dà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀!

Ibi tí ara ì bá ti tu àwọn pírótéènì yìí jù ni inú kírísítálì, kí wọ́n tò létòlétò, kí kálukú fara kan aládùúgbò rẹ̀ níhà gbogbo. Àmọ́ kí èèyàn tó lè tò dáadáa, ó gbọ́dọ̀ lè sún díẹ̀. Omi ló máa ń ti ẹ̀rún kéékèèké síwá sẹ́yìn, ìgbọ̀nrìrì tí Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní 1827. Bí òtútù bá dé lójijì, ìfàmọ́ra á borí ìgbọ̀nrìrì yẹn: bí wọ́n ṣe kanra, ó parí. Pírótéènì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á kọlu apá ìṣù tó yọ síta, á lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, kò ní ráyè dé inú.

Ní 1984, àwọn olùṣèwádìí méjì, David Weitz àti Oliveria, ya àwòrán ẹ̀rún wúrà tó ṣù jọ báyìí. Ká ní òkúta ni ìṣù náà, tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ̀rún inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Tiwọn ò ju ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù, àlàfo ni. Nọ́ńbà yìí wú mi lórí gan-an, torí òun ló jẹ́ kó yé mi bí pírótéènì díẹ̀ ṣe lè di omi inú odidi ìgò mú.

Àwọn kan á ní ìdánwò tó bàjẹ́ nìyí, nítorí kírísítálì ni wọ́n ń wá. Mi ò gbà. Pírótéènì kan náà, iyọ̀ kan náà ni. Ká ní mo rọra mú un tutù ni, tí mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè di kírísítálì. Bí mo ṣe kánjú tó ló hàn nínú ìgò yẹn.

Láàárọ̀ yìí mo tún gbé e sókè. Omi mímọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ lórí funfun náà, kò ju sísanra èékánná lọ. Wọ́n ṣì ń sún.