Màmá Ìpàtà jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Japan

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé èmi kọ́ ni mo ní ká lọ o. Àbúrò mi ọkùnrin, Àlàó, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló wá sílé, ó ní òun ti gba owó oṣù, kí n múra kí n sì mú Màmá dání, òun fẹ́ gbé wa jáde. Mo ti ń ronú àmàlà nínú mi, àṣé ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan ní apá GRA Ìlọrin níbí ló ní lọ́kàn. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò mọ́ wọn lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè mí lórí fóònù.

Màmá tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Irú ló ń tà l'ọ́jà Ìpàtà láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, Màmá Ìpàtà ni gbogbo ilé ń pè é.

Bá a ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí ni àwọn wéítà pariwo pa pọ̀, "Irasshaimase!" Màmá ò tiẹ̀ dúró béèrè, ó ní "Àmín o, Ọlọ́run á gbọ́." Àlàó ní ẹ káàbọ̀ lásán ni wọ́n ń kí wa. Màmá ní ta ló sọ fún un pé ẹ káàbọ̀ kì í ṣe àdúrà. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, ta ló máa bá a jiyàn?

Wọ́n gbé mẹ́nù wá, fótò ló kún inú ẹ. Màmá dà á dé, ó pe wéítà wa, ọmọdébìnrin kan tó wé ìbòrí ẹ dáadáa, ó ní "Ọmọ mi, ṣé ẹ ń se ẹlẹ́dẹ̀ níbí?" Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Rárá Mà, adìyẹ, màlúù àti ẹja nìkan la ní." "Ọtí ńkọ́?" Ibẹ̀ ni mo ti gba ti ọmọ yẹn, torí ẹlòmíì á kàn ní kò sí ni. Ó ní ká jẹ́ kóun lọ béèrè ní kíṣínì, nígbà tó padà dé ó ní kí Màmá má jẹ adìyẹ teriyaki, pé mirin wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń pa á lára, mirin yìí sì rèé, ọtí dídùn tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe ni. Ẹ wò ó, nílùú bí Ìlọrin, ó yẹ kí wọ́n ti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú mẹ́nù, kò yẹ kó jẹ́ arúgbó ló máa béèrè. Lọ́hùn-ún l'ọ́dọ̀ àwọn ará Japan, ramen, ìyẹn nudulu olómi ọbẹ̀ wọn, kan wà tí wọ́n ń pè ní tonkotsu, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí omi ẹ á fi funfun bíi wàrà, àti pé ẹran tí wọ́n ń tò sórí ramen, ẹlẹ́dẹ̀ náà ló sábà máa ń jẹ́. Màmá ò mọ gbogbo ìyẹn o, ó kàn béèrè ni.

Ọbẹ̀ miso ló kọ́kọ́ dé, nínú abọ́ kékeré dúdú báyìí, kò sí ṣíbí. Àlàó ní ẹ gbé abọ́ yẹn s'ẹ́nu kẹ́ ẹ mu ún bí ẹ ṣe ń mu ẹ̀kọ. Màmá gbé e dé ẹnu, ó dúró. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e súnmọ́ imú, ó fà á símú lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wò mí lójú.

"Irú ni wọ́n fi sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n bá òun pe ẹni tó sè é. Mo ń tijú, Àlàó náà ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n alásè náà jáde wá lóòótọ́, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú éprọ́ọ̀nù funfun ẹ. Ọmọ Ọ̀fà ni. Màmá ní "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ọmọ mi, kí lẹ fi ṣe omi yìí?"

Ó ní ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe miso, wọ́n á sè é, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da iyọ̀ sí i pẹ̀lú koji, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu. Màmá ní ìrẹsì tó bu? Ó ní bíbu tiwọn yàtọ̀ Mà. Ó ní ẹja gbígbẹ náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti yan l'ééfín tó sì le bí igi, wọ́n á máa fá a bí káfíńtà ṣe ń fá pákó, òun àti ewéko òkun kan ni wọ́n fi ń ṣe omi ọbẹ̀. Ohun funfun tó ń léfòó sì ńkọ́? "Tofu ni Mà, wàrà sóyà." Màmá yíjú sí Àlàó, ó ní ṣé ẹ rí i, irú, ẹja gbígbẹ, wàrà sóyà, o wá gbé mi wá síbí kí n wá ra nǹkan tó wà nínú ìkòkò mi.

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń bò ó?"

"Oṣù mẹ́fà Mà. Òmíì ọdún kan."

Màmá gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní irú tòun, tóun bá sè é mọ́jú, tóun bó o, tóun fọ̀ ọ́, tóun tún sè é tóun bò ó, ọjọ́ kẹta ó ti dé Ìpàtà. "Oṣù mẹ́fà! Owó wọn á ti há síbẹ̀. Ta ló ń yá wọn lówó?" Alásè náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òmíràn wà tó ń jẹ́ natto, ẹ̀wà sóyà náà ni, ọjọ́ kan péré ti jinná, ó ń fà bí ewédú, kòkòrò tó ń sọ irú di irú náà ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn kì í tà á níbí torí òórùn ẹ. Èyí bí Màmá nínú. Torí òórùn?

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan kí n tó gbàgbé, Ajinomoto tó wà lórí gbogbo àtẹ nínú ọjà wa yẹn, Japan ló ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, Kikunae Ikeda, ló rí adùn yẹn nínú ewéko òkun kan náà lọ́dún 1908, nígbà tó di 1909 wọ́n ti ń tà á. Ó ti pẹ́ tá a ti ń jẹ oúnjẹ Japan nílé wa láìmọ̀.

Ó yá, ramen. Èyí gan-an lẹjọ́ mi. Ó lé ní ìṣẹ́jú àádọ́ta ká tó rí i, tábìlì tó dé lẹ́yìn wa ti jẹun tán wọ́n ti ń ya fótò, nígbà tí tiwa sì dé, ó ti wú, ó ti fa omi mu, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ramen kì í dúró de èèyàn, kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Ẹyin orí ẹ dùn, inú ẹ rọ̀ bí oyin, mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò sè é jinná ni, àṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà fún nudulu tó wú? Momofuku Ando tó kọ́kọ́ ṣe nudulu oníṣẹ́jú-díẹ̀ lọ́dún 1958 ti bá mi gba owó mi là, Indomie wà nílé.

Àlàó ní lọ́dọ̀ wọn ńṣe ni wọ́n ń fà á pẹ̀lú ariwo, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, súúrúrú. Màmá gbá a lọ́wọ́, pé ta ló kọ́ ẹ. Àlàó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ló bá ki igi ìjẹun méjèèjì bọ abọ́ ìrẹsì, wọ́n dúró ṣánṣán, ó mú fóònù kó yà á. Wéítà wa sáré dé. Ó ní "Bọ̀ọ̀dá ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í gún un sínú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, òkú ni wọ́n ń ṣe é fún." Kó tó parí ọ̀rọ̀, Màmá ti pe "A'ùúsù bílláhì," ó ti fa méjèèjì yọ, ó sì ti ti ìrẹsì yẹn sí ọ̀dọ̀ Àlàó pé kó máa jẹ tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá a jẹ ẹ́.

Bíìlì dé, VAT 7.5%, sávíìsì chárjì lórí ẹ, omi tí a ò béèrè náà wà níbẹ̀. POS kọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, Àlàó fi fóònù ṣe tiránsífà, a tún jókòó de àláàtì wọn. Mo kà á pé ní Japan wọn kì í fún wéítà lówó lọ́tọ̀, wọ́n á tiẹ̀ sáré lé ẹ láti dá a padà. Mo fún ọmọ yẹn ní ẹgbẹ̀rún kan, kò sáré lé mi. Sẹ́kúríítì ẹnu géètì náà sì ti ń kí wa kú wíkẹ́ńdì láti òkèèrè.

Alásè náà jáde tẹ̀lé wa, ó fi náílọ́ọ̀nù di miso díẹ̀ fún Màmá. Lọ́jọ́ Àìkú Màmá fi se ẹ̀fọ́, ó pè mí lórí fóònù pé iyọ̀ ẹ pọ̀, kí n sọ fún ọmọ Ọ̀fà yẹn pé irú wooro wà nílẹ̀, kó wá sí Ìpàtà, àmọ́ òun ò ní dín iye tóun ń tà á kù fún un torí pé ó dọ̀bálẹ̀.