Gbèsè Ọpẹ́ Tí Mo Jẹ Tíṣà Mi

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti mú iná lọ, mo tan fìtílà, mo mú báírò pupa dání, mo sì kó ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wọn síwájú. Kí n tó dé orí ìwé ogún, oorun ti ń kùn mí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àmì sórí iṣẹ́ tí n kò kà délẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyá tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ní Ìséyìn. Wọn kì í dá ìwé ọmọ padà láìkọ gbólóhùn kan sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: "Ibi tí o ti ṣìnà nìyí", tàbí "Èyí dára ju ti àná lọ". Lójú èmi ọmọdé, bí ìwé ṣe ń ti ọwọ́ tíṣà bọ̀ nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bèèrè ìgbà tí wọ́n ń sùn.

Ìyọkúrò ló dà bí òkè níwájú mi nígbà náà. Ahunṣọ òfì ni bàbá mi, mo lè ka òwú láìṣìṣe, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ iye sí ojú pátákó, orí mi á dàrú. Ní ọjọ́ kan, ìyá yìí gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọ́n bi wá pé kí ni à ń pe 17. Gbogbo wa pariwo pé mẹ́tàdínlógún.

"Kí ló dín?"

"Mẹ́ta!"

"Nínú kí ló ti dín?"

"Ogún!"

"Ta wá ló kọ́ yín ní ìyọkúrò?"

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n mú wa dé orí 38, tó jẹ́ méjì dín ní ogójì, àti 45, tó jẹ́ márùn-ún dín ní àádọ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi hàn wá pé ogún ọ̀nà méjì ni ogójì, ogún ọ̀nà mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún ọ̀nà mẹ́rin sì ni ọgọ́rin. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ìṣirò ti kúrò lára mi, nítorí mo rí i pé ẹnu ìyá mi nílé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo kà nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Mo rí tíṣà mi nínú ohun tí mo ń kà. Mo gbà pé mo ti mọ ọ̀nà wọn, mo sì gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí wọ́n rán wa lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, ṣùgbọ́n ó forí ṣánpọ́n. Àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ kò mọ òǹkà Yorùbá kọjá ogún. "Fọ́tì-fáìfù" ni wọ́n ń pe 45. Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta kí n tó ṣètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n lè bá mi lọ, tí mo fi ọmọ ayò bẹ̀rẹ̀ láti orí ogún. Ohun tí mo kà sí àwàdà ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà èwe mi, iṣẹ́ àṣekára ni.

Kí n má parọ́, kì í ṣe gbogbo àwọn tó kọ́ mi ni mo jẹ lọ́pẹ́. Ẹnì kan wà tó máa ń pè mí ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé ètè èmi náà, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, mo sì gbé e mì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ẹ yẹ ẹnu ara yín wò, kí ẹ mọ ohùn ẹni tó ń ti ibẹ̀ jáde.

N kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, nítorí ó ti sọ ọ̀pọ̀ wa di ọ̀lẹ níbi ọpẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ má dúró de ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀kítóbà tí í ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé. Ẹ wá wọn lọ, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an, nítorí "ẹ ṣeun fún gbogbo rẹ̀" kò fi nǹkan kan han ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo dé ilé tíṣà mi, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n wọn kò rántí mi rárá. Ó dùn mí díẹ̀, kí n tó rántí pé èmi náà ti gbàgbé orúkọ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọdún kìíní mi. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún. Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn.

"Ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ dà?"

Ó wà nínú báàgì mi. Wọ́n kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì fi ìka lé ìlà kan. "O kọ ọ́ síbí pé àwọn ọmọ yóò mọ ìyọkúrò. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n? Tún un kọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà," mo sì tún un kọ lórí tábìlì wọn, kí wọ́n tó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi.